Ọjọ́ Tí A Kó Ẹlẹ́dẹ̀ Gba Ojú Ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Bí ẹ bá dé Ola, nítòsí Èjìgbò, tí ẹ béèrè Ràbíátù, àwọn ará ibẹ̀ á máa wo ara wọn lójú. Ẹ béèrè Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ kékeré á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Orúkọ yẹn ò dùn mí mọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dùn mí, mo ti bá ènìyàn ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí rẹ̀ lójú ọjà rí. Àmọ́ bí orúkọ bá ń lé ènìyàn lọ tí kò padà lẹ́yìn rẹ̀, kéèyàn yáa dúró kó jẹ́ ẹ ni. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń parí ìwé mẹ́wàá ló ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun gbọ́, torí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe láyé. Ó dáa, mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé mo tọ́jú ẹran tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mọ́. Ewúrẹ́ tí mọ́tò kán lẹ́sẹ̀, ajá tí olówó rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Àbíjàn tó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àti ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀. A kì í pa wọ́n, a kì í sì í tà wọ́n. Wọ́n á jẹ, wọ́n á sùn, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Òun náà ló wà lọ́kàn gbogbo Èjìgbò nígbà náà. Wọ́n á dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n á ní, "Ẹran tí ẹ ò pa, tí ẹ ò tà, kí lẹ wá ń bọ́ ọ sí?" Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló fẹ́ pa yín tí wọ́n fi ń bọ́ yín?" Ẹnu mi ti mú láti kékeré.

Ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ là ń pè ní Ìyá Àbíjàn. Ọmọ Èjìgbò ni, ṣùgbọ́n ọkọ ló fẹ́ lọ sí Àbíjàn, ibẹ̀ ló sì gbó sí. Ó tajà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń se oúnjẹ fún òyìnbó obìnrin kan tó kó ẹran tí àwọn ènìyàn lé jáde kún inú ọgbà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà wálé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ọ̀hún dé, aṣọ ni wọ́n kó dé, àwo ni wọ́n kó dé. Ìyá Àbíjàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú àpò kan, ó gbé ajá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ mọ́ àyà. Wọ́n ní Àbíjàn ti dà á lórí rú.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò gùn rárá. Ìyá mi ló ń ta èèpo ẹ̀gẹ́ fún un, èmi ni mo máa ń rù ú lọ. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n dúró kí n bá òun di ewúrẹ́ kan mú, mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Owó tó ń san ò pọ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó san án. Ọ̀rọ̀ owó tán.

Ilé wa ló yẹ kó ṣòro. Bàbá mi ń kírun, ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, a sì ń jẹun nínú àwo kan náà. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní, "Ràbíátù, mi ò ní kí o má ṣe é. Àmọ́ bí o bá ń bọ̀, kí o wẹ̀, kí o pààrọ̀ aṣọ, kí o tó wá kí mi." Ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi ṣe balùwẹ̀ fún mi lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gbé ìkòkò omi síbẹ̀. Títí tó fi jáde láyé, kò bú mi rí nítorí iṣẹ́ yìí. Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ìyá Àbíjàn ló le. Háà! Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ọ̀gá bá bá wí lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ti ń di ẹrù, ẹ ò ní lè bá a gbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹran kankan. Ó gbé àpótí fún mi, ó ní, "Jókòó, kí o máa wò wọ́n." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè mí. "Ta ló kọ́kọ́ mu omi láàárọ̀? Ta ló sùn ti ta? Èwo ni kò tíì yàgbẹ́?" Mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ní kí n padà lọ jókòó lọ́la. Bí mo ṣe jókòó títí nìyẹn, títí mo fi lè sọ fún un, láìwẹ̀yìn, pé ewúrẹ́ báyìí báyìí kò fẹ́ràn kí wọ́n gba òsì rẹ̀ kọjá. Nígbà náà ló tó ní kí n dìde.

Ó máa ń fi èdè Àbíjàn bá àwọn ẹran sọ̀rọ̀. "Àlé!" túmọ̀ sí kí wọ́n máa lọ. "Dúsùmáà!" túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí ló sì ń sọ jù, fún ẹran àti fún wa. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Àkànbí, fi igi na ẹlẹ́dẹ̀ kan lọ́jọ́ kan pé kò tètè wọlé. Ìyá ò pariwo. Ó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Kó ẹlẹ́dẹ̀ yẹn wọlé láìfọwọ́ kàn án, láìlù ú. Bó bá wọlé, kí o wá jẹun." Ẹ wo Àkànbí lóòrùn ọ̀sán, ó ń bẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó ń kọrin fún ẹlẹ́dẹ̀, ó ń pè é ní ọkọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹlẹ́dẹ̀ tó gbà. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá, àmọ́ láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó mọ ẹlẹ́dẹ̀ dà ju Àkànbí lọ.

Torí ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe màlúù. Bí ẹ bá na màlúù lẹ́yìn, á lọ síwájú. Bí ẹ bá na ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn, á yíjú sí yín kó wá bi yín pé kí ló dé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Pákó ni a máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó rò pé ògiri ni. Bó bá kọ̀ pátápátá, a ó dé agbọ̀n iṣu mọ́ ọn lórí. Nítorí kó lè yọrí kúrò nínú agbọ̀n, ẹ̀yìn ni yóò máa fà sí, ẹ̀yin á di ìrù rẹ̀ mú, ẹ ó máa darí rẹ̀ bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn. Kì í làágùn, nítorí náà ẹ má kó o rìn lóòrùn, yóò kú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ń kó o lọ sí ilé tuntun, kí ẹ kọ́kọ́ kó koríko tó ń sùn lé tẹ́lẹ̀ lọ tẹ́ síbẹ̀, kó gbóòórùn ara rẹ̀ níbẹ̀ kó mọ̀ pé òun ti délé. Ìyá Àbíjàn ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, ìbáwí ló sì fi kọ́ mi.

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọn ò tíì dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìlú le, oúnjẹ ẹran di ọ̀wọ́n gógó. Ọkùnrin kan ti dá oko ẹlẹ́dẹ̀ ńlá sílẹ̀ nínú igbó kan tó jìnnà sí wa. Nígbà tí kò rí oúnjẹ rà fún wọn mọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó sá lọ. Ẹlẹ́mu kan ló gbọ́ igbe wọn láti orí ọ̀pẹ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti ń jẹ igi ilẹ̀kùn. Mo ti rí ẹran tí ebi ń pa, àmọ́ mi ò rí irú èyí rí, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyá Àbíjàn wọ àárín wọn, ó ń pín èèpo ẹ̀gẹ́, ó ń sọ pé, "Dúsùmáà, ẹ̀yin ọmọ mi, dúsùmáà." Abo kan wà níbẹ̀, egungun nìkan ló kù lára rẹ̀, síbẹ̀ kò bá wọn dù ú. Ó dúró sẹ́yìn títí gbogbo wọn fi jẹ. Àkànbí ló sọ ọ́ ní Màdáámù. A kó gbogbo wọn wá sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni àyè ṣe há. Lọ́dún tí Ìyá bẹ̀rẹ̀, igbó ló yí wa ká. Nígbà tó yá, ilé ti yí wa ká, mọ́ṣáláṣí sì wà lẹ́yìn ògiri wa gan-an. Àwọn àgbà àdúgbò wá, wọ́n ò bínú, wọ́n ní, "Ìyá, a ò bá yín jà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe rí." Ìyá ní òun ti rí i. Ó wá ilẹ̀ kiri títí. Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, tó bá wá dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á rántí pé ilẹ̀ náà ní ẹjọ́. Baálẹ̀ abúlé kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn nìkan ló gbà fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan dè é.

Àgbẹ̀ kan ní abúlé náà, Bàbá Lámídì, ló ní kí wọ́n sọ ọ́ kó le. Oko iṣu rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí a máa gbà, ọdún iṣu sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin ará Èjìgbò mọ̀ ọ́n: iṣu tuntun ti ta nínú ebè, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí ọdún tó pé. Baálẹ̀ ní, "Ìyá, mo fún yín nílẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo bá tẹ oko ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà ni ilẹ̀ mi padà sọ́wọ́ mi. Àwọn alápatà ni màá sì ránṣẹ́ sí." Ìyá ní òun gbọ́. Kò tún sí ibòmíràn tí a lè kó wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́ kí n má baà gbàgbé, torí ó ń yà mí lẹ́nu. Agbọ̀n àti okùn la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a kan àpótí onígi tó ní táyà lẹ́sẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó tì í lọ. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ́ amọ̀ di sìmẹ́ǹtì tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi lè ṣàn lọ, omi tí mo ń fi orí rù láti odò wá di omi kànga ẹlẹ́rọ. Orí mi kọ́kọ́ ń wá ẹrù láàárọ̀ nígbà tí kò rí nǹkan rù mọ́. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè bá yín mọ ẹlẹ́dẹ̀ tí inú rẹ̀ ò dùn. Ojú ni, ẹ jókòó kí ẹ wò wọ́n.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo dàgbà sí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo lọ́kọ, tí mo bímọ, tí Ìyá Àbíjàn fi darúgbó tó sì kú, tí Àkànbí di ọ̀gá, títí orúnkún mi fi sọ fún mi pé ó tó. Àwọn ọ̀dọ́ tó gba ipò wa ń ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń yára sọ̀rọ̀ jù fún ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára, màá ní kò sọni di ọlọ́rọ̀, àwọn ènìyàn á sì máa dí imú bí ẹ bá wọ mọ́tò. Àmọ́ ọjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì kankan. Ọjọ́ tí a kó lọ ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, ọkàn mi ò lè gbà á ní kánmọ́kánmọ́.

Ìdájí la bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má bá wa lọ́nà. Ọlọ́kọ̀ píkọ́ọ̀pù kan bá wa kó àwọn tó kéré. Nígbà tó padà dé, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó wo Ìyá, ó ní, "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Ìyá tó bí mi ló máa bá mi lọ sí ọjà Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́la. Bó bá gbóòórùn yìí, àdúrà tí mo ń jẹ títí di òní ti tán nìyẹn." Kò sí ohun tí a lè sọ sí i. A ní kí àwọn tó kù fẹsẹ̀ rìn.

Ìyá wà níwájú, ó gbé abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n dání, ó ń ké, "Àlé, àlé!" Àkànbí àti àwọn tó gbé pákó wà láàárín. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú Màdáámù, torí ó ti sanra, kò lè yára. Ó lóyún. Inú oko tí a ti kó wọn ló ti gbà á, nítorí náà a ò mọ ìgbà tí yóò bí. Ìyá ti fọwọ́ wò ó, ó ní ó ṣì kù díẹ̀.

A rìn dáadáa. Àwọn tó ń lọ oko ń dúró wò wá, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí a sún mọ́ abúlé, mo rí i pé Màdáámù ń fi ẹnu já koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Kò jẹ ẹ́, ńṣe ló ń gbé e kiri. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ti ń ṣa koríko, ibùsùn ìkúnlẹ̀ ló ń wá. Mo ké pe Ìyá, wọ́n ti kọ́nà, wọn ò gbọ́ mi. Kí n tó padà yíjú sí i, ó ti yà bàrà, ó ti gun ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti wọ oko iṣu Bàbá Lámídì lọ.

Mo sá tẹ̀lé e. Mo dé agbọ̀n mọ́ ọn lórí, ó fi orí gbá a dànù. Ó ń já ewé iṣu lórí igi, ó ń kó o jọ sáàárín ebè méjì, ó wá dùbúlẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gulegule. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, mo bẹ̀ ẹ́ ní èdè Àbíjàn. "Màdáámù, jọ̀ọ́, dìde. Tìẹ nìkan kọ́ o. Gbogbo yín ni wọ́n máa pa. Dìde, ìyá mi." Ó wò mí, ó gbé orí lé ilẹ̀.

"Kí ni mò ń rí yìí?"

Bàbá Lámídì ni. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú àdá, ìyàwó rẹ̀ gbé igbá rù tẹ̀lé e. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo fi orí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun…"

"Dìde níwájú mi, ọmọ yìí. Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́? Mo sọ ọ́ lójú Baálẹ̀!" Ó gbé àdá sókè. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é, mo ṣáà bá ara mi lórí Màdáámù, mo na ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ibẹ̀ ni ọmọ àkọ́kọ́ ti jáde, ó bọ́ sórí ewé iṣu, ó ń wá ọmú kiri.

Ìyàwó rẹ̀ sọ igbá kalẹ̀. "Bàbá Lámídì, ẹ sọ àdá yẹn sílẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni!"

"Mo rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, mo lójú. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Àbí ẹ̀yin lẹ máa bá a kúnlẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ni mo ń sun. Bàbá Lámídì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àdá lókè, ó ń wo ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ." Ọmọ kejì jáde. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó rọra gbé àdá sílẹ̀, ó jókòó lórí ebè.

"Oòrùn ti ń yọ," ó ní. "Ṣé oòrùn ò ní pa á?"

Mo ní yóò pa á. Ó tún dìde, ó gbé àdá, ó lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ. Ó fi igi iṣu rẹ̀ tó ti wó ṣe òpó, ó ta imọ̀ lé e, ó ń na ọwọ́ láti òkèèrè, ó ń sọ pé, "Mi ò fọwọ́ kàn án o. Kí Ọlọ́run gbọ́, mi ò fọwọ́ kàn án." Ìyàwó rẹ̀ pọn omi láti odò. Mo tú gèlè mi, mo rẹ ẹ́ sómi, mo tẹ́ ẹ lé Màdáámù lọ́rùn. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni obìnrin náà ń sọ pé, "Ẹ káre, ìyá. Ẹ káre." Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń fi "ẹ" kí báyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn tó kù wọlé tán, Ìyá Àbíjàn àti Àkànbí padà wá, wọ́n bá wa bẹ́ẹ̀. Ìyá rí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nínú oko, ó rí ewé iṣu tó fà ya. Kò bá mi wí. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù, torí kò sí ọjọ́ tí kì í bá mi wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ ti lọ. Ó ti parí." Ó wo Bàbá Lámídì. "Bàbá, ẹ ṣeun. Èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún Baálẹ̀." Àkànbí dúró ti Màdáámù, mo tẹ̀lé Ìyá.

Baálẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà abúlé. Ìyá Àbíjàn kúnlẹ̀. Mi ò rí i kó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. "Baálẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹlẹ́dẹ̀ mi kan ti wọ oko Bàbá Lámídì. Mo rántí àdéhùn wa. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n wá ibòmíràn fún wọn, kí ẹ tó ránṣẹ́ sí àwọn alápatà."

Nígbà tí wọ́n gbọ́ oko ẹni tó jẹ́, àwọn àgbà pariwo, "Yéè!" Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Lámídì. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá, ó dé fìlà. Ó dúró gbọnrangandan níwájú wọn.

Baálẹ̀ ní, "Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ wọ oko rẹ."

Bàbá Lámídì ní, "Baálẹ̀, ẹ mọ̀ mí. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá wọ oko mi, orí rẹ̀ ni màá gbé wá hàn yín. Ẹ wo ọwọ́ mi, ṣé mo gbé orí dání? Aboyún kan ló ń lọ sílé rẹ̀, ó rọbí lójú ọ̀nà, ó yà lọ́dọ̀ mi. Ṣé kí n lé e ni? Ta ló ti lé abiyamọ rí nílùú yìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Iṣu tuntun ńkọ́? Ọdún ò tíì pé. Bó bá ti tọ́ ọ wò…"

"Kò tọ́ ọ wò. Ìyàwó mi yẹ gbogbo ebè wò, kò hú ẹyọ kan. Ewé ló já fi tẹ́ ibùsùn. Ẹni tó ń rọbí, ṣé iṣu ló máa rántí?"

Baálẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé inú ló ń bí i. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí tó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó wo Ìyá Àbíjàn tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dìde. Àdéhùn wa dúró bó ṣe wà, àmọ́ ti òní kò sí nínú rẹ̀. Kí abiyamọ yẹn dúró níbi tó wà títí àwọn ọmọ rẹ̀ á fi lè rìn, kí ẹ wá mú wọn lọ sílé wọn. Ẹ kú ewu ọmọ o."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin: "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ewu iná kì í pa àwòdì!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ọ̀gá mi. Kò bímọ. Gbogbo ọdún tó lò nílé ọkọ, kò bí ọ̀kan. Ó ti kí àìmọye obìnrin kú ewu, ó ti gbé ọmọ wọn jó, ó sì padà wálé láìsí ẹnikẹ́ni tó kí òun náà bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúró síwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì rí nǹkan kan sọ. Mo fà á lọ́wọ́, a kúrò níbẹ̀.

A ti rìn jìnnà díẹ̀ kó tó dúró sójú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, kò sì nù ún.

"Ràbíátù, ìgbà tí wọ́n kí mi, ṣé mo dáhùn?"

"Ẹ ò dáhùn, Ìyá."

"Ó yẹ kí n dáhùn. Kò dáa kí wọ́n kí ènìyàn báyẹn kó máà dáhùn."

Ó yí padà. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a lọ, ó ní kí n dúró. Mo ń wò ó bó ṣe ń yára padà lọ, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, títí tó fi dé iwájú ilé Baálẹ̀. Láti ibi tí mo wà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"A dúpẹ́ o," ó ní. "Tìyá tọmọ ló wà ní àlàáfíà."